Ìbéèrè Kẹrin

Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti gbọ́ ọ, nítorí náà mo lè sọ ọ́ fún ẹ̀yin yòókù. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dàgbà ní Dublin, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, tí ẹ sì ń bi àwa àgbà léèrè bí ẹni pé gbogbo wa la gbọ́n, ẹ fìdí kalẹ̀. N ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Wọ́n ti fi ìyẹn di yín létí tó. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé ilé àti ìwé ìhágún ní ọ́fíìsì lọ́yà, kí n sì sọ irú ẹ̀tọ́ tí olúkúlùkù ní nínú ilé náà. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló le níbẹ̀, ṣebí ẹni tó nilé ló nilé. Rárá o. Nínú òfin tí wọ́n ń lò níbí, èèyàn mẹ́ta lè ní ẹ̀tọ́ sí ilé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ń gbé inú rẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹni kejì ń dúró kí ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ẹni kẹta ni ilé yóò bọ́ sí lọ́wọ́ bí ti ẹni kejì kò bá ṣeé ṣe. Ẹni tó ń dúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Àwọn kan ń dúró tí ipò wọn ti dájú, ọjọ́ nìkan ló kù; bí wọ́n tilẹ̀ kú, àwọn ajogún wọn á gba ipò náà. Àwọn kan sì ń dúró lórí “bí”: bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n nílé; bí kò bá ṣẹlẹ̀, wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó lé ní ogún ọdún ni mo fi ń ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Ìbàdàn kí n tó sá wá síbí, nígbà tí àwa ará Nàìjíríà ń wọ́ dé tí a ń tọrọ ibi ìsádi. Wọ́n kó wa sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọn ò jẹ́ kí á ṣiṣẹ́, ìwé ìgbélùú ni a ń retí. Nígbà tí ìwé dé, mo nulẹ̀ fúngbà díẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì lọ́yà kékeré kan lẹ́bàá odò gbà mí láti máa tẹ̀wé. Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò ní ìtàn kankan nínú. Ọ̀dọ̀ Miss Geraghty ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ka ìwé ilé nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wà níbẹ̀, tí àwọn ará ibí ń pè ní press, ìwé kún inú rẹ̀ dẹ́nu, òmíràn sì pẹ́ débi pé awọ ẹran ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ní kí n máa wá bá òun gbé wọn. Ní ọjọ́ kẹta ó na ìwé ìhágún àgbẹ̀ kan sí mi, ó ní kí n kà á kí n sì sọ ẹni tó nilẹ̀. Àgbẹ̀ náà fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ “níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ opó mi.” Mo ní ìyàwó ló nilẹ̀. Miss Geraghty dojú ìwé náà dé lórí tábìlì.

“Again,” ó ní.

Mo tún un kà. Mo ní ìyàwó ló nilẹ̀ títí yóò fi kú. Ó tún dojú rẹ̀ dé. Àwọn yòókù jáde lọ jẹun ọ̀sán, èmi ń ka ìwé àgbẹ̀ tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ọjọ́ kejì ló tó yé mi pé bí obìnrin yẹn bá fẹ́ ọkọ mìíràn láàárọ̀, kò nílẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó fún mi ní pẹ́ńsù méjì. Pupa ni kí n fi kọ orúkọ ẹni tó wà nínú ilé, búlúù ni kí n fi kọ orúkọ ẹni tó ń dúró. Ó ní ìbéèrè mẹ́rin ni kí n máa bi gbogbo ìwé tó bá dé ọwọ́ mi. Ta ló wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí? Ta ló ń dúró? Kí ló ń dúró dè? Bí ẹni tó ń dúró bá kú kó tó kàn án ńkọ́?

“Má ṣe fi àlàfo sílẹ̀, Adúnní,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ó ń pe orúkọ mi bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Àlàfo ni ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì lójú rẹ̀. Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni. Ó ní, “Bí o bá sunkún tán, ìwé yẹn ṣì wà lórí tábìlì.”

Lọ́jọ́ mìíràn mo kọ ọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ló ni ilẹ̀ kan títí láé. Kò bá mi jà. Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó mú mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Finglas, ó na ìka sí ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan. “Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fún wọn nílẹ̀ kọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá fi ń kọ́ ọmọ nìkan. Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìwọ ì bá ti ní kí wọ́n máa lọ.” A tún wọ bọ́ọ̀sì padà. Ó tó ọdún méjì kó tó wo iṣẹ́ mi kó sì sọ pé “That's grand,” pé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo gbé “grand” yẹn sùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Kọ̀ǹpútà dé. Miss Geraghty ń pè é ní “that yoke,” bí àwọn ará ibí ṣe ń pe nǹkan tí wọn kò fẹ́ dárúkọ, kò sì fọwọ́ kàn án rí. Àwọn ìwé awọ kúrò nínú press, wọ́n di àwòrán lójú ẹ̀rọ. Òfin tuntun dé, ó gbá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú irú ẹ̀tọ́ àtijọ́ tó fi kọ́ mi dànù. Ó fẹ̀yìn tì, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú. Èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀. Pẹ́ńsù méjèèjì ṣì wà nínú báàgì mi.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀ràn tí mo dá.

Nígbà náà, àwọn èèyàn wa ti ń ra ilé ní Tyrrelstown, níbi tí èmi náà ń gbé. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, Bàbá Kúnlé là ń pè é. Ìyàwó kejì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Mọ́mì Ṣọlá. Ọmọbìnrin tí ìyàwó náà bí wà ní Manchester. Kúnlé, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ tó ti kú, ń ṣiṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní pápákọ̀ òfurufú. Òun, Bísí ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn méjì ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú bàbá. Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn, ó fẹ́ ṣe ìwé ìhágún. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, ni Mísítà Nolan ọ̀gá wa bá ní kí n lọ bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀ ní Yorùbá, kí n sì mú ìdáhùn wá. Lórí ìwé tí mo mú dání, ìbéèrè mẹ́rin Miss Geraghty ló wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni. Bàbá jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ fún un sí pálọ̀. Kúnlé ń fi ṣíbí bu ògì fún un. Tómi, ọmọ rẹ̀ àgbà, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Abẹ́ tábìlì ló wà, ó ń fi pẹ́ńsù búlúù tó yọ nínú báàgì mi ya nǹkan. Bísí gbé Dára, ọmọ ọwọ́, pọ̀n.

“Káàbọ̀, Ìyá Lékan,” ni Bàbá wí, orúkọ ọmọ mi ni wọ́n fi ń pè mí ládùúgbò. “Kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lé ìyàwó mi jáde nínú ilé yìí nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tirẹ̀, Kúnlé ló ni ín. Ohun yòókù tí mo bá ní, kí ìyàwó mi máa mú un.”

Mo kọ ìdáhùn kìíní, ìkejì, ìkẹta. Mo dé ìkẹrin. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ó lè má yé yín. Ó yẹ kí n wo ojú àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn kí n sọ pé: bí ọmọ yín yìí bá kú ńkọ́? Ọmọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Nílé wa, a kì í fi ẹnu ara ẹni sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní í sin bàbá. Ẹni tó bá sọ òdìkejì rẹ̀ dà bí ẹni tó pe ibi wọlé. Ẹnu mi wúwo. Mo wo Bàbá, mo wo Kúnlé.

“Ṣé ó tán?” ni Bàbá bi mí.

“Ó tán, sà.”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n se tíì fún yín,” Kúnlé ní. Mo mu tíì náà.

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sígboro lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí ìwé náà, mo rí àlàfo. Èmi, ọmọ iṣẹ́ Miss Geraghty. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé oníbàárà kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí. Irọ́ ni. N kò bi í. Mo tu ara mi nínú pé kò ṣe nǹkan, nílé wa ọmọ a máa dúró nípò bàbá rẹ̀ bí wọ́n bá ń pín ogún. Bí ẹni pé ilé wa la wà.

Nígbà tí ìdáhùn kò sí, Mísítà Nolan lo ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì máa ń lò: kí ilé jẹ́ ti ìyàwó nígbà ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà kó jẹ́ ti Kúnlé bó bá wà láàyè nígbà náà. Òun àti akọ̀wé kan bá mi lọ kí Bàbá lè fọwọ́ sí i. Ó ń kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé orí “bó bá wà láàyè,” mo gbọ́ ọ, mo mọ ohun tó jẹ́, mo sì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú yàrá yẹn pé ipò Kúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú èyí tó dájú ni, ó ti bọ́ sórí “bí.” Ohun tí mo sọ ní Yorùbá ni pé: “Lẹ́yìn ìyàwó yín, ó di ti Kúnlé, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn.”

“Àmín ní orúkọ Jésù,” ni Bàbá wí. Gbogbo wa ṣe àmín. Mísítà Nolan tí kò gbọ́ nǹkan kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá kú. Ọdún mẹ́rin kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Kúnlé parí iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ láti máa bọ̀ wálé, kò sì ṣíná sí i. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún.

A ò tíì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán nígbà tí Mọ́mì Ṣọlá ní òun fẹ́ ta ilé. Bísí gbé ìwé ìhágún náà wá sí kíṣíìnì mi.

“Àǹtí, mo sọ fún wọn pé kò ṣeé tà, pé bàbá àwọn Tómi ló kàn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Mo ya á sórí ìwé bí Miss Geraghty ṣe kọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò nílò rẹ̀. Mọ́mì Ṣọlá wà nínú ilé. Kúnlé ń dúró lórí “bí,” “bí” náà sì ti já. Ilé wọnú ohun yòókù tí Bàbá ní, ohun yòókù náà sì jẹ́ ti Mọ́mì Ṣọlá.

“Bísí, ilé ti di tiwọn pátápátá.”

“Báwo? Àwọn ọmọ Kúnlé wà láàyè!”

“Ìwé kò dárúkọ wọn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kì í dúró nípò bàbá rẹ̀ ni? Bàbá yẹn fẹ́ràn Tómi ju ojú rẹ̀ lọ. Ta ló kọ ‘bí’ yìí síbẹ̀?”

Mo tẹ orí mi ba. “Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn,” ni mo wí.

Mo lọ bẹ Mọ́mì Ṣọlá. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́ mọ́ wọn. “Ìyá Lékan,” wọ́n ní, “ọkọ mi kú, ọmọ rẹ̀ kú. Kí ni mò ń ṣọ́ níbí? Mo fẹ́ lọ kú sọ́dọ̀ ọmọ tèmi. Bí n ò bá ta ilé, kí ni n ó fi lọ?” Ní ọ́fíìsì, Mísítà Nolan yọ fáìlì jáde, ó rí ohun tí mo kọ sí ìbéèrè kẹrin. “You asked him, he wouldn't answer,” ó ní. “We're grand.” Irú “grand” yìí kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi dákẹ́. Inú mi dùn pé Miss Geraghty ti kú. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún méjì ni Bísí àti àwọn ọmọ fi gbé inú yàrá họ́tẹ́ẹ̀lì kan tí ìjọba ń kó àwọn tí kò nílé sí. Bẹ́ẹ̀dì méjì, kẹ́tùlù kan. Kẹ́tùlù yẹn ni Bísí fi ń se núdù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Tómi ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Mò ń gbé ìrẹsì lọ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé, Bísí á kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, inú mi á sì bà jẹ́ títí n ó fi délé. Nígbẹ̀yìn wọ́n rí ilé gbà ní Finglas. Lójoojúmọ́, títí mo fi fẹ̀yìn tì, iwájú ilé Bàbá ni mò ń gbà lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó rà á ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní dúdú.

Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ kan ti dé tó máa ń ka ìwé ìhágún fúnra rẹ̀. Ohun tó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta, ó ṣe é kí n tó fa àga sẹ́yìn: ẹni tó wà nínú ilé, ẹni tó ń dúró, ipò tó dájú, ipò tó wà lórí “bí.” Mo fún un ní ìwé Bàbá Kúnlé láti fi dán an wò. Ó kà á, ó sì tọ̀nà. Kò sí ibi tó ti lè mọ̀ pé ẹnì kan mu tíì dípò kó béèrè. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yín, ẹ lọ kọ́ bí a ṣe ń béèrè ohun tó wúwo lẹ́nu. Ìyẹn nìkan ló kù.

Tómi wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti ga jù mí lọ. Ó tẹ eékún díẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ní, “Good afternoon, Auntie. Mam says I'm to ask you before I fill in the college form. I want to do law.” Gẹ̀ẹ́sì Dublin pọ́ńbélé. Yorùbá tí mo bá a sọ yé e, àmọ́ láti kékeré n kò gbọ́ kó fi dá mi lóhùn rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti pẹ́ńsù méjì fún un. Ó yọ ìwé kan nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Ìwé ìhágún bàbá rẹ̀ àgbà ni.

“I've read it a hundred times,” ó ní. “What I don't get is, did nobody ask him, like? What if Dad died first?”

Ó sọ ọ́ báyìí, bàbá ara rẹ̀, ní ojú gbangba. Ilé kò wó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ògì, tíì, bọ́ọ̀sì, àlàfo tí mo fi irọ́ dí, àmín tí gbogbo wa ṣe.

“Was I there?” ó bi mí.

“O wà lábẹ́ tábìlì. O ń fi pẹ́ńsù mi ya nǹkan.”

Ó tẹjú mọ́ ìwé tó wà lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ le débi tí n kò lè wò ó, ni mo bá dìde, mo tan kẹ́tùlù kí n lè rí ibi kọ ẹ̀yìn sí i.

“Ask me, so,” ó ní.

“Kí ni kí n béèrè?”

“The question. Ask it the way you'd have asked him.”

Mo yí padà. Mo di etí tábìlì mú. Mo ní, “Bàbá, ẹ foríjì mí, sà. Bí Kúnlé bá kú ṣáájú ìyàwó yín ńkọ́, ta ni kó ni ilé?”

“Èmi àti Dára,” ni Tómi wí, ní Yorùbá.

Ìbéèrè àti ìdáhùn ti tán, kẹ́tùlù kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.